Kí Líǹkì Tí A Kó Jọ Má Baà Di Òfo: Zotero, Wayback Machine àti Wikidata fún Ẹgbẹ́ Kékeré

Ẹnì kan rí àròkọ tó dára nípa Igbó Ọ̀ṣun, ó fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, gbogbo èèyàn ní "ẹ ṣeun". Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìkíni òwúrọ̀, fídíò àti ìwé ìpè sí ayẹyẹ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá a kàn lẹ́yìn ọdún méjì lè rí i pé ojúewé náà ti kúrò nílẹ̀, 404 ni búráúsà ń sọ. Ìṣòro méjì nìyẹn: a ò rántí ibi tí a fi nǹkan sí, ohun tí a fi síbẹ̀ kò sì sí mọ́. Ẹ̀kẹta wà tí a kì í sábà kíyè sí: àwọn nǹkan tó tan mọ́ra, fọ́tò yìí àti ìwé yẹn, ayàwòrán yìí àti ìlú yẹn, wà káàkiri, kò sí okùn tó so wọ́n pọ̀.

Zotero ló ń bá wa tọ́jú nǹkan síbi tí a ó ti rí i. Wayback Machine ló ń gba ẹ̀dà ojúewé kó tó pòórá. Wikidata ló ń so ohun kan mọ́ èkejì lójú gbogbo ayé. Kò sí èyí tó ń gbowó kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Òṣogbo, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Salvador ní Brazil, tí wọ́n fẹ́ kó ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Igbó Ọ̀ṣun jọ síbì kan. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ni tiyín, tàbí ìtàn ìlú yín, ọ̀nà kan náà ni.

Ìdí tó fi jẹ́ àwọn mẹ́ta yìí

Irinṣẹ́ ìkólíǹkìjọ pọ̀ lóde, wọ́n sì máa ń kú. Delicious, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi táàgì dá líǹkì mọ̀. Láti 2017 ni kò ti gba líǹkì tuntun mọ́. Google ti Google Reader pa ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2013. Mozilla ti Pocket pa ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2025. Èèyàn gidi ń lò wọ́n títí dé ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, kí ẹ tó kó ẹrù yín wọ irinṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ wá ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ná: ṣé mo lè kó gbogbo nǹkan mi jáde nínú fáìlì tí irinṣẹ́ mìíràn lè ṣí? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má wọlé.

Zotero ní ọ̀nà àbájáde. Láti 2006 ló ti wà, George Mason University ní Virginia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo kóòdù rẹ̀. Internet Archive tó ni Wayback Machine wà ní San Francisco; Brewster Kahle dá a sílẹ̀ ní 1996, wọ́n sì ṣí Wayback Machine fún gbogbo ènìyàn ní 2001. Wikidata bẹ̀rẹ̀ ní 2012, lábẹ́ àwọn tó ni Wikipedia.

Ẹ fọ àdírẹ́sì náà ná

Líǹkì tó bá ti Facebook tàbí WhatsApp wá sábà máa ń ní ìrù. Ẹ wo ibi tí àmì ìbéèrè bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ fbclid= tàbí utm_source= pẹ̀lú ìdìpọ̀ lẹ́tà gígùn, ẹ gé gbogbo rẹ̀ dànù láti orí àmì ìbéèrè yẹn, kí ẹ tẹ Enter, kí ẹ wò ó bóyá ojúewé náà ṣì ṣí. Yóò ṣí. Àmì tí wọ́n fi ń tọpa ẹni tó tẹ líǹkì ni ìrù yẹn, kò kan àròkọ náà rárá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, àròkọ kan ṣoṣo á wọ àkójọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú àdírẹ́sì mẹ́ta.

Kì í ṣe gbogbo àmì ìbéèrè ni a ń gé o. Bí ẹ bá rí ?id=482 tàbí ?p=1190, nọ́ńbà àròkọ gan-an nìyẹn; ẹ gé e, ojú ìwé àkọ́kọ́ ìkànnì náà ni yóò gbé yín lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán an wò kí a tó fi pamọ́.

Líǹkì kúkúrú, irú bit.ly, ẹ má fi í pamọ́ bó ṣe wà. Ẹ ṣí i, kí ẹ mú àdírẹ́sì tó bá já sí nígbẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ tó ń ké líǹkì kúrú lè kógbá wọlé nígbà tí ìkànnì tí líǹkì náà ń tọ́ka sí ṣì wà láàyè.

Bí ẹ ṣe máa gbé Zotero kalẹ̀

Ẹ lọ sí zotero.org, kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ohun méjì sórí kọ̀ǹpútà: Zotero fúnra rẹ̀, àti Zotero Connector fún búráúsà yín. Chrome, Firefox, Edge àti Safari ló wà fún. Ẹ ṣí Zotero, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Sync, kí ẹ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé. Níbẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí ibi tí ó ti ń béèrè ìgbà tí yóò máa gba fáìlì wálẹ̀. Ẹ yan "as needed". Bí ẹ bá fi "at sync time" sílẹ̀, gbogbo PDF tí àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ bá gbé sókè ni yóò máa wọ́ wá sórí kọ̀ǹpútà yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè, dátà oṣù kan sì lè tán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Ẹ lọ sí General nínú Settings kan náà, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Automatically tag items with keywords and subject headings". Bí ẹ kò bá yọ ọ́, ìkànnì kọ̀ọ̀kan á máa da táàgì tirẹ̀ sínú àkójọ yín, News, Featured, Top Stories, tí ẹ ò fi ní rí tiyín mọ́ láàárín wọn.

Ẹ wá ṣí whc.unesco.org/en/list/1118 nínú búráúsà. Ojúewé UNESCO fún Igbó Ọ̀ṣun nìyẹn, tí wọ́n fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Kí ẹ tó tẹ àmì Connector lókè búráúsà, ẹ padà sínú Zotero kí ẹ tẹ fóódà tí ẹ fẹ́ kó wọ̀. Collection ni Zotero ń pè é. Fóódà tí ó bá wà lábẹ́ ọwọ́ nígbà náà ni yóò wọ̀, ibi tí àṣìṣe sì ti pọ̀ jù lọ nìyí: ẹ rò pé ẹ ti fi sínú àkójọ ẹgbẹ́, inú àkójọ tara yín ló wọ̀ lọ. Ferese kékeré kan máa ń yọ lápá ọ̀tún bí ẹ ti ń tẹ Connector, ibẹ̀ lẹ lè ti yí fóódà náà padà.

Àmì Connector máa ń pààrọ̀ ìrísí. Bó bá dà bí ìwé, Zotero ti mọ̀ pé ìwé ni. Bó bá dà bí ìwé ìròyìn, àròkọ ìwé ìròyìn ni. Bó bá dà bí fóódà, ohun púpọ̀ ló wà lójú ewé yẹn, yóò sì jẹ́ kí ẹ ṣà nínú wọn. Bó bá ní Zotero kò ṣí, ẹ ṣí i kí ẹ tún un tẹ̀.

Ìwé tó ní ISBN (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀) tàbí DOI (ti àròkọ ìwádìí) kò nílò Connector. Ẹ tẹ ọ̀pá idán kékeré tó wà lókè Zotero, kí ẹ lẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter.

Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ má tíì lọ. Ẹ wo ohun tó kọ. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìròyìn máa ń fi Admin síbi orúkọ òǹkọ̀wé. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ orúkọ tó wà lábẹ́ àkọlé. Ẹ kọ ọjọ́ báyìí: 2005-07-15, ọdún, oṣù, ọjọ́, kí wọ́n lè tò tẹ̀léra. Ní Language, ẹ kọ yo fún Yorùbá, en fún Gẹ̀ẹ́sì, pt fún èdè Potogí, es fún Sípáníìṣì. Oyè kì í wọ inú àpótí orúkọ: ẹ má kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí Olóyè síbẹ̀. Ọba tàbí ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, ẹ tẹ àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà kó di àpótí kan ṣoṣo.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè lo áàpù Zotero lórí iPhone tàbí Android, tàbí kó ṣí àkójọ ẹgbẹ́ ní zotero.org nínú búráúsà fóònù rẹ̀. Kíkà àti àtúnṣe kékeré ni wọ́n dára fún jù.

Ọ̀rọ̀ táàgì, níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀

Fóódà ń sọ ibi tí nǹkan wà. Táàgì ń sọ ohun tó jẹ́. Àkọsílẹ̀ kan lè wà nínú fóódà mẹ́ta, kí ó sì ní táàgì mẹ́fà, láìjẹ́ pé ó pọ̀ sí i. Bí ẹ bá tẹ Delete nínú fóódà kan, ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú fóódà yẹn ni. Move Item to Trash ló ń jù ú nù ní tòótọ́, inú Trash náà sì ni yóò wà fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó parẹ́ pátápátá.

Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀ níbí, a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, torí òun ló ń ba àkójọ àwa ọmọ Yorùbá jẹ́ ju ohunkóhun lọ.

Ẹnì kan á kọ táàgì ní Ọ̀ṣun, ẹlòmíì á kọ Ọṣun, ẹlòmíì á kọ Osun. Táàgì mẹ́ta nìyẹn, àkọsílẹ̀ yín á sì pín sí mẹ́ta. Èyí ṣì ṣeé fojú rí. Èyí tí ojú kò rí ló burú jù. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. Ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró. Lẹ́tà ọ ni a ó tẹ̀, a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù míì kì í fi àmì róbótó sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó nàró ló ń fi síbẹ̀, U+0329. Lójú tiwa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì tí kò tan mọ́ra ni. Ẹ lè wá "Ọ̀ṣun" kí irinṣẹ́ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ "Ọ̀ṣun" mẹ́wàá wà níwájú yín.

Ohun tí a gbà níyànjú, bó tilẹ̀ ń dun ẹni tó fẹ́ràn àmì ohùn: ẹ kọ táàgì ní lẹ́tà kékeré, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Àmì ohùn pípé ní àyè tirẹ̀ nínú àkọlé, nínú orúkọ èèyàn àti nínú Note. Ibẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ dáadáa. Táàgì kì í ṣe ohun tí a ń kà fún ẹwà, okùn tí a fi ń fa nǹkan jáde ni.

Bí ẹ bá wá yọ àmì kúrò, ìṣòro mìíràn yọjú. Odò Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun òrìṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti osùn tí wọ́n fi ń kun ara, gbogbo wọn di osun. Nítorí náà, ẹ fi ohun tó jẹ́ kún un lẹ́yìn:

osun-odo
osun-orisa
osun-ipinle
osun-igbo
osun-ikunra

Ẹ kọ àwọn táàgì tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí sínú Note kan, kí ẹ fún un ní àkọlé 00-TAAGI WA kí ó lè máa wà lókè. Ogójì táàgì tó fún ẹgbẹ́ kékeré. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, àwọn tó jọra ti wọlé. Ẹ tẹ táàgì náà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ yan Rename Tag, kí ẹ fún un ní orúkọ tí ẹ fọwọ́ sí. Bí orúkọ yẹn bá ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan.

Táàgì mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí ẹ bá fún ní àwọ̀ nípasẹ̀ Assign Color á gba nọ́ńbà 1 dé 9. Láti ìgbà náà, ẹ kàn máa yan àkọsílẹ̀ kí ẹ tẹ nọ́ńbà. A máa ń fi 1 ṣe "ko-tii-ka", 2 ṣe "ti-ni-eda", ìyẹn ni pé a ti gba ẹ̀dà rẹ̀ sí Wayback Machine. Àwọ̀ méjì yẹn nìkan ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Ìkọ̀wé àtijọ́ àti ìkọ̀wé òkè òkun náà ń bẹ. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àti lórí máàpù àtijọ́, Oshogbo ni Òṣogbo, Ilesha ni Iléṣà. Ní Brazil, Oxum ni wọ́n ń kọ Ọ̀ṣun, Xangô sì ni Ṣàngó; ní Kúbà, Ochún àti Changó. Ẹni tó bá tẹ "Osun" nìkan sínú Google kò ní rí ohun tí àwọn ará Salvador ti kọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, Osun, Oshun, Oxum, Ochún, ṣùgbọ́n nínú àkójọ yín, táàgì kan náà ni kí gbogbo wọn gbé: osun-orisa.

Ẹ gba ẹ̀dà kó tó pòórá

Zotero máa ń fi ẹ̀dà ojúewé, tó ń pè ní Snapshot, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ó dára fún kíkà nígbà tí kò sí iná tàbí nẹ́tíwọ̀kì. Kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹlòmíì, torí ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀dà Wayback Machine wà níbi tí gbogbo èèyàn lè wò ó, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sì wà nínú àdírẹ́sì rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíì ti gba ẹ̀dà: ẹ tẹ web.archive.org/web/*/ sínú búráúsà, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì ojúewé náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Kàlẹ́ńdà á jáde; ọjọ́ tó ní àmì róbótó ní ẹ̀dà. Bí kò bá sí, tàbí tó ti pẹ́ jù, ẹ lọ sí web.archive.org/save, ẹ lẹ àdírẹ́sì náà síbẹ̀, kí ẹ tẹ Save Page. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Àdírẹ́sì tí yóò fún yín á ní nọ́ńbà mẹ́rìnlá láàárín, irú 20250312094500: ọdún 2025, oṣù 03, ọjọ́ 12, agogo 09:45 àti ìṣẹ́jú-àáyá 00. Agogo UTC, ìyẹn agogo àgbáyé, ni. Ní Nàìjíríà, ẹ fi wákàtí kan kún un.

Ẹ wá ṣí ẹ̀dà náà kí ẹ wò ó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò ó. Save tó ṣàṣeyọrí kò sọ pé ohun tó wọlé ni ohun tí ẹ fẹ́. Nígbà míì, ojúewé tó ń béèrè pé "ṣé ẹ gba cookies?" ló gbà, nígbà míì ojúewé ìwọlé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Facebook àti Instagram kì í sábà gbà dáadáa, fídíò pẹ̀lú, àti máàpù tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń wò ó. Fún irú wọn, ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí ẹ so ó mọ́ àkọsílẹ̀ náà nínú Zotero, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbé e jáde sínú Note. Fọ́tò ìwé ìròyìn tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ, tí ó kàn ń yí lórí WhatsApp, ẹ má fi sínú àkójọ títí ẹ ó fi rí orísun rẹ̀.

Bí ẹ̀dà bá pé, ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú àpótí Extra nínú Zotero, kí ẹ fi URL àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fi ẹ̀dà rọ́pò orísun. A nílò méjèèjì.

Àkójọ ẹgbẹ́

Ní zotero.org, ẹ tẹ Groups, lẹ́yìn náà Create a New Group. Irú mẹ́ta ló wà. Public, Open Membership jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, kò sì gba kí ẹ fi fáìlì síbẹ̀. Public, Closed Membership jẹ́ kí aráyé rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó pe ẹni tó bá máa wọlé. Private, ẹgbẹ́ nìkan ló ń rí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Private. Ó rọrùn láti ṣí ilẹ̀kùn nígbà tó bá yá, pàápàá bí àkójọ náà bá ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí wọn kò tíì fọwọ́ sí kí aráyé gbọ́.

Nínú Library Settings, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà, kí gbogbo wọn lè fi nǹkan sí i, ṣùgbọ́n ní Member Settings, kí ẹni méjì jẹ́ Admin. Ẹni méjì, torí ẹnì kan lè ṣàìsàn tàbí kó pàdánù fóònù.

Ohun tí ẹ bá wọ́ láti àkójọ tara yín sínú ti ẹgbẹ́, ẹ̀dà ni. Bí ẹ bá tún tara yín ṣe lọ́la, ti ẹgbẹ́ kò ní yí padà. Látorí èyí ni àríyànjiyàn "mo ti ṣe àtúnṣe yẹn" ti máa ń wá. Tó bá ti dé inú ẹgbẹ́, inú ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti máa tún un ṣe.

Àyè ọ̀fẹ́ fún fáìlì jẹ́ 300 MB, àyè ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni fáìlì gbogbo yín sì ń jẹ. PDF ìwé àtijọ́ tí wọ́n ya sórí ẹ̀rọ lè tó 40 MB. Méje nínú irú rẹ̀, àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹni tó bá fẹ́ 2 GB á san 20 dọ́là lọ́dún. Ọ̀nà tó dín owó kù ni pé kí ẹ má gbé PDF tó ti wà lórí archive.org sókè mọ́: ẹ so líǹkì rẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ náà. Àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, àkọlé, orúkọ, táàgì àti Note, kò jẹ nínú 300 MB yẹn.

Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣí Duplicate Items. Àwọn tó bá jọra á jáde síbẹ̀, Merge á sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí Zotero bá kọ̀ láti pa wọ́n pọ̀, ẹ wo Item Type wọn: ọ̀kan lè jẹ́ Web Page, kí èkejì jẹ́ Newspaper Article. Ẹ sọ wọ́n di irú kan náà kí ẹ tún gbìyànjú.

Ẹ so wọ́n pọ̀

Nínú Zotero, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Related. Ẹ tẹ àmì àròpọ̀ níbẹ̀ kí ẹ mú èyí tó tan mọ́ ọn. Ojúewé UNESCO nípa igbó, ìròyìn ikú Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ Austria tó gbẹ́ ère sínú igbó náà, ní 2009, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n bá a gbẹ́ ère, ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Okùn náà ń lọ ó ń bọ̀: ẹ so ọ̀kan mọ́ èkejì, èkejì náà á máa tọ́ka sí i padà. Inú àkójọ kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ wà.

Okùn yẹn mọ sí àárín ẹgbẹ́. Fún gbogbo ayé, Wikidata ni. Níbẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q. Nàìjíríà ni Q1033, Èkó ni Q8673. Ẹni tó ń kọ Èkó, ẹni tó ń kọ Lagos, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n bá pàdé, kò sí ìjà àmì ohùn níbẹ̀. Odò Ọ̀ṣun, òrìṣà Ọ̀ṣun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Igbó Ọ̀ṣun ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ orúkọ láti mọ èyí tí ẹ dúró lé lórí.

Ẹ dá àkántì, ẹ ṣí ojúewé igbó náà, kí ẹ yí èdè sí Yorùbá lókè. Lórí fóònù, ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá kí ẹ yan Desktop. Ojú fóònù kì í jẹ́ kí a ṣe gbogbo àtúnṣe. Label ni ibi tí orúkọ ń lọ, pẹ̀lú àmì ohùn pípé: Igbó Ọ̀ṣun-Òṣogbo. Description jẹ́ àpólà kúkúrú láìsí àmì ìdánudúró: igbó mímọ́ lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Nàìjíríà. Ní Also known as, ẹ kọ àwọn orúkọ tí kò ní àmì, Igbo Osun, Igbo Oshun, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn tí kò ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá á fi ìyẹn rí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀. World Heritage Site ID gbọ́dọ̀ jẹ́ 1118. Bí ohun kan bá kù, ẹ tẹ add statement, ẹ mú irú ìbátan náà, kí ẹ mú ohun tó so mọ́. Ojúewé Susanne Wenger ní place of birth, Graz, àti place of death, Òṣogbo. Okùn kan nìyẹn láti Austria dé odò Ọ̀ṣun. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi sí i, ẹ tẹ add reference lábẹ́ rẹ̀. Reference URL gba àdírẹ́sì orísun, retrieved gba ọjọ́ tí ẹ kà á, archive URL gba ẹ̀dà Wayback Machine tí ẹ ti fi sínú Extra, archive date gba ọjọ́ ẹ̀dà náà. Gbólóhùn tí kò ní ẹ̀rí lè kúrò níbẹ̀ lọ́la. Ẹ tẹ publish.

Ẹ má fi orúkọ aládùúgbò tàbí ẹni tí kì í ṣe gbajúmọ̀ sórí Wikidata. Ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀, gbogbo ayé ló lè mú un lò láìbéèrè.

Ẹ̀dà ìpamọ́

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ oṣù, ẹ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ ní ọwọ́ ọ̀tún nínú Zotero, ẹ yan Export Library, ẹ mú Zotero RDF, kí ẹ fi àmì síwájú Export Files. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú CSV, èyí tí Excel lè ṣí. Ẹ fi ọjọ́ sí orúkọ fáìlì náà, kí ẹnì kan ní Òṣogbo àti ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ̀dà, ọ̀kan lórí fláàṣì, ọ̀kan lórí Google Drive.

Fáìlì tí ẹ kó jáde nìkan ni kí ẹ gbé sórí Google Drive tàbí Dropbox. Ẹ má gbé fóódà Zotero tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín síbẹ̀. Inú rẹ̀ ni zotero.sqlite wà, fáìlì kan ṣoṣo tó gbé gbogbo àkójọ dání, Drive á sì máa gbà á sókè nígbà tí Zotero ṣì ń kọ̀wé sí i. Ó lè bàjẹ́, tí Zotero kò fi ní lè ṣí i mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ da fóódà yẹn kọ gan-an, ẹ kọ́kọ́ pa Zotero, ẹ dà á kọ, kí ẹ tó tún un ṣí.

Lẹ́yìn tí CSV bá ti wà lórí fláàṣì, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí àwọn àkọlé bá yọ pẹ̀lú àmì tí kò nítumọ̀ dípò ẹ àti ọ, Excel ló ṣí i pẹ̀lú ètò lẹ́tà tí kò tọ́. Ẹ wọ Data, ẹ yan From Text/CSV, kí ẹ mú UTF-8, Ọ̀ṣun á sì padà sí bó ṣe yẹ kó rí.